Ta Ló Ni Òwú Tó Ṣẹ́ Kù?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí a jọ ro ọ̀rọ̀ kan. Bí iṣẹ́ bá parí, tí nǹkan díẹ̀ sì ṣẹ́ kù, ta ló ni ìyókù náà?

Ìbéèrè yìí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ la ń bá a pàdé. A gbé aṣọ lọ fún aránṣọ. Ó rán ẹ̀wù tán, àjákù aṣọ kù sílẹ̀. A ra pákó fún káfíńtà. Ó kan ilẹ̀kùn tán, pákó kékeré kù. A gbé àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ. Wọ́n lọ̀ ọ́ tán, ìyẹ̀fun díẹ̀ dúró sínú ẹ̀rọ. Ta ló ni wọ́n? Ṣé ẹni tó ra ọjà ni, àbí ẹni tó ṣe iṣẹ́?

Èmi alára kò mọ̀ pé ìbéèrè yìí le tó bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ tí ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ lójú mi nítorí tìmùtìmù kan.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń ṣe iṣẹ́ tíríkó ní Kétu. Ẹ mọ iṣẹ́ náà: abẹ́rẹ́ gígùn méjì ni wọ́n fi ń hun òwú, láìsí ẹ̀rọ. Fìlà ọmọ tuntun, ìbọ̀sẹ̀ àti ẹ̀wù òtútù ló máa ń ṣe. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń bọ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ra òwú wá fúnra wọn. Owó iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń san.

Bí ẹ̀gbọ́n mi bá hun ẹ̀wù tán, òwú díẹ̀ a máa kù. Nígbà mìíràn ó lè tó ẹyin adìẹ. Nígbà mìíràn ó lè tó ọsàn. Inú àpò kan tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Pupa wà níbẹ̀, funfun wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé wà níbẹ̀, àwọ̀ aró náà wà níbẹ̀. Nígbà tí àpò náà kún, ó ní òun yóò fi wọ́n hun tìmùtìmù kékeré kan sórí àga rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ yìí, ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ojú 60 ni ó kọ́kọ́ dá sórí abẹ́rẹ́. Ìyẹn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30. Lórí ìlà kan, òwú méjì ló ń lò pọ̀. Bí ó bá fi pupa hun ojú mẹ́ta, funfun a gba ẹ̀yìn kọjá. Bí ó bá kan funfun, pupa náà a gba ẹ̀yìn. Kò gbọdọ̀ fa òwú ẹ̀yìn náà le jù, kí aṣọ má baà súnkì. Kò sì gbọdọ̀ dẹ̀ ẹ́ jù, kí ìka má baà máa há sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni àwòrán ń jáde, ìlà lórí ìlà, bí ìgbà tí a bá ń hun ẹní. Ní àárín gbùngbùn, ó fi òwú aláwọ̀ aró hun ìràwọ̀ ńlá kan. Lẹ́yìn náà ó gán aṣọ àtijọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó sì ki àkísà wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀.

Iṣẹ́ náà dára. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń yìn ín. Èmi náà yìn ín.

Ní ọjọ́ kan, mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ìyá ọlọ́mọ kan wọlé. Ó mú ẹ̀wù òtútù ọmọ rẹ̀ dání, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi hun fún un. Ìṣó ti fa ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀wù náà ya. Ó kúnlẹ̀, ó kí wa, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá òwú díẹ̀ tó jọ èyí. Mo ti dé ọjà, n kò rí irú rẹ̀."

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó dáhùn, ojú obìnrin náà bọ́ sára tìmùtìmù. Ó wo ìràwọ̀ aláwọ̀ aró. Ó wo ẹ̀wù ọwọ́ rẹ̀. Ó tún wo ìràwọ̀ náà.

Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, òwú mi kọ́ nìyí? Ní ọjọ́ tí mo wá gba ẹ̀wù, mo bi yín bóyá ó ṣẹ́ kù. Ẹ ní ó tán."

Ilé pa lọ́lọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó lè yà yín lẹ́nu pé obìnrin yìí kò rí òwú aláwọ̀ aró rà lọ́jà. Ó wà lọ́jà, ṣùgbọ́n kò bá tirẹ̀ mu. Ilé iṣẹ́ tó ń rẹ òwú kì í rẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ìyá wa tó ń rẹ aṣọ mọ̀ pé aró òní àti aró ọ̀la kì í jọra tán. Òwú náà rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tẹ nọ́ńbà sára bébà tó wé ìdì òwú. Ìdì tí nọ́ńbà wọn bá dọ́gba, inú aró kan náà ni wọ́n ti jáde. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, àwọ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀, bí a tilẹ̀ ń pe méjèèjì ní aró. Bí a bá fi èyí tó yàtọ̀ tún ìgbọ̀nwọ́ ṣe, gbogbo ènìyàn ni yóò rí àbùlẹ̀ náà. Òwú kékeré tó ṣẹ́ kù lára ẹ̀wù kan ni àtúnṣe ẹ̀wù náà lọ́la.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe olè. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́, kò sì sí ẹni tó fi ẹ̀sùn kàn án rí. Nígbà tí ó rí ẹnu sọ̀rọ̀, ohun mẹ́rin ló sọ láti gbèjà ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò sọ náà nìyẹn.

Ó kọ́kọ́ ní: "Òwú náà kéré."

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ìdì òwú mẹ́rin ni obìnrin náà mú wá. Ìdì kan wọn gírámù 50. Mẹ́rin jẹ́ gírámù 200. Ẹ̀wù ọmọ náà wọn 170. Ó ṣẹ́ ku 30. Lóòótọ́, gírámù 30 kò tó nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi tí àpò rẹ̀ kún. Ṣùgbọ́n lójú ìyá ọmọ, ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀wù ni. Ẹni tó di nǹkan mú kọ́ ló yẹ kó wọn bí ó ti tóbi tó. Ẹni tó nílò rẹ̀ ló mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ó tún ní: "Bí mo bá dá a padà fún un, yóò sọ ọ́ nù ni."

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn kì í tọ́jú nǹkan. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló wà níbí tí a kò gbọdọ̀ dà pọ̀: ohun tí a sọ nù, ohun tí a gbàgbé, àti ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹni. Ohun tí a sọ nù, ẹni tó bá rí i lè mú un. Ohun tí a gbàgbé, a ní láti rán olúwa rẹ̀ létí. Ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹni, a ní láti dá a padà. Òwú oníbàárà wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ nítorí pé oníbàárà gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí olúwa rẹ̀ bá fẹ́ sọ ọ́ nù, òun ló yẹ kó sọ ọ́ nù. A kò lè bá a sọ ọ́ nù sínú àpò ara wa.

Ọ̀rọ̀ kẹta ló le jù. Ẹ̀gbọ́n mi ní: "Mo ti ṣe iṣẹ́ lé e lórí. Òwú wẹ́wẹ́ tí kò wúlò ni. Ọwọ́ mi ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń yìn."

Òótọ́ ni, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré òótọ́ yìí. Ẹni tó ra òwú kò mọ tìmùtìmù hun. Ẹwà iṣẹ́ náà, ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ ronú wò ná. Bí ẹnì kan bá gbin iṣu sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn láìtọrọ ilẹ̀, òógùn rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Síbẹ̀ òógùn náà kò sọ ilẹ̀ di tirẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wa lè mú kí nǹkan lẹ́wà sí i. Kò lè pa orúkọ ẹni tó ni ín rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: "Gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣe é. Owó iṣẹ́ tí ẹ ń san fún wa kéré."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, àwọn oníṣòwò a máa gbé irun àgùntàn fún àwọn ènìyàn láti fi ran òwú nínú ilé wọn. Àwọn oníṣòwò ń kígbe pé òwú ń dín. Ní ọdún 1777, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin kan, a sì yan àwọn olùṣọ́ tí yóò máa wá ẹni tó fi òwú olówú pamọ́ kiri.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Ní àwọn erékùṣù Shetland, ní àríwá Scotland, iṣẹ́ òwú híhun jẹ́ iṣẹ́ àwọn obìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù náà ń jẹ́ Fair Isle. Orúkọ rẹ̀ ni aráyé fi ń pe irú iṣẹ́ aláràbarà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe, tí òwú méjì ń bára wọn rìn lórí ìlà kan. Ní ọdún 1872, ìròyìn ìwádìí tí ìjọba ṣe níbẹ̀ jáde. Ìròyìn náà fi hàn pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í san owó fún àwọn obìnrin náà. Tíì àti aṣọ ni wọ́n fi ń san án fún wọn. Ẹlòmíràn lè hun ìborùn títí, kó má rí owó tí yóò fi ra oúnjẹ.

Nítorí náà, a kò lè dá oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan lẹ́bi. Ẹni tí a kò san owó iṣẹ́ rẹ̀ pé yóò máa wá ọ̀nà mìíràn láti gbà á. Bí owó bá kéré, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ wí pé: "Iye báyìí ni owó mi, ṣùgbọ́n bí o bá fi ìyókù òwú sílẹ̀ fún mi, èmi yóò dín in kù." Oníbàárà lè gbà, ó sì lè kọ̀. Èyíkéyìí tó bá mú, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀.

Ẹ wo ti ẹ̀rọ àgbàdo tí mo mẹ́nu kàn níbẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé ìyẹ̀fun díẹ̀ máa ń dúró sínú ẹ̀rọ. Ẹni tó ni ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n. Àwa tí a gbé àgbàdo lọ mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó ń bínú. Àṣà tí tọ̀tún-tòsì mọ̀, àdéhùn ni. Àṣà tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀, ọgbọ́n àrékérekè ni.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé: "Ṣé ìwé mímọ́ kò ní kí a fi ìyókù sílẹ̀ fún aláìní ni?" Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nínú ìwé Léfítíkù, orí 19, a pàṣẹ fún olóko pé kó má ṣe kórè dé igun oko rẹ̀, kó fi ìyókù sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tí a pàṣẹ náà fún. Olóko ni a bá wí, pé kó tú ọwọ́ sílẹ̀. A kò bá alágbàṣe wí pé kó gbé apá kan ìkórè pamọ́, kó wá sọ fún olóko pé oko ti tán.

Ọ̀rọ̀ yẹn kan àwa oníbàárà pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tí kò lè fi nǹkan kékeré sílẹ̀ fún ẹni tó bá a ṣiṣẹ́, yóò rí i pé iṣẹ́ kò ní yá mọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Bí òwú bá ṣẹ́ kù tí a kò sì nílò rẹ̀, kí la ń gbé e lọ sílé ṣe? Ẹ jẹ́ kí a fi sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ohun tí mo ń sọ kò ju pé kí ẹni tó ni ín fi ẹnu ara rẹ̀ fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ilé ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá wa àgbà jókòó sí ìta, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ka ohun mẹ́rin rẹ̀ tán, ìyá bi í ní ìbéèrè kan péré: "Bí o bá gbà pé òwú náà di tìrẹ, kí ló dé tí o fi sọ pé ó tán?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè ìyá yìí ni mo fi kọ́ ọgbọ́n. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ìyókù òwú jẹ́ ẹ̀tọ́ òun ni, ì bá sọ pé: "Ó ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n tèmi ni." Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó tán. Irọ́ náà fi hàn pé ọkàn rẹ̀ mọ ẹni tó ni òwú, kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Nítorí náà, bí o bá ń ṣiyèméjì nípa ohun kan tó wà lọ́wọ́ rẹ, má ṣe wò ó bóyá ó kéré tàbí ó tóbi. Bi ara rẹ pé: "Ǹjẹ́ mo lè sọ ọ́ lójú ẹni tó ni ín?" Bí o bá lè sọ ọ́, bóyá ó di tìrẹ. Bí ẹnu rẹ bá ń wúwo, kò tíì di tìrẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi tọrọ àforíjì. Ó ní kí obìnrin náà máa gbé tìmùtìmù náà lọ. Obìnrin náà kọ̀. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, n kò wá gba iṣẹ́ yín. Òwú ìgbọ̀nwọ́ ọmọ mi ni mo wá."

Ẹnì kan ní kí a ṣáà fa òwú aró náà yọ. Ẹni tó mọ tíríkó mọ̀ pé kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ náà, ojú tó wà lókè ló di èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ mú. Kí ọwọ́ tó dé ibi ìràwọ̀ àárín, ó ní láti tú gbogbo ìlà tó wà lókè rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi tú ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì. Mo bá a ká òwú náà. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ronú pé bẹ́ẹ̀ náà ni ohun olóhun ṣe ń rí nígbà tí a bá ti hun ún mọ́ tiwa. Ká ní ó béèrè nígbà tí òwú wà nínú àpò, ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà á.

Ó rẹ òwú náà sínú omi, ó sá a kó lè nà. Ní ọjọ́ kejì, ìyá ọmọ náà padà wá. Ẹ̀gbọ́n mi tún ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀wù náà ṣe níṣojú rẹ̀, kò sì gba owó. Àwọ̀ rẹ̀ bára mu; ẹni tí kò mọ̀ kò lè rí ibi tó ya. Lẹ́yìn àtúnṣe, òwú ṣì kù. Ẹ̀gbọ́n mi nà án sí i.

Obìnrin náà gbà á, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó tún fi lé e lọ́wọ́. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà á. Mo fi ta yín lọ́rẹ."

Òwú kan náà ni. Àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n lánàá, ẹ̀gbọ́n mi kò lè wo ojú oníbàárà rẹ̀ nítorí òwú yẹn. Lónìí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo ló wà láàárín méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n mi ti parí ẹ̀kọ́ kíkà àti kíkọ ní kíláàsì àwọn àgbà. Ó ra kàyé kan. Bí oníbàárà bá mú òwú wá báyìí, yóò wọ̀n ọ́ lójú rẹ̀. Yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà méjì: òwú tó wọlé, 200, ẹ̀wù tó jáde, 170. Yóò yọ ọ́ kúrò, yóò sì kọ èyí tó ṣẹ́ kù: 30. Lẹ́yìn náà yóò béèrè pé: "Ṣé ẹ óò mú un lọ, àbí ẹ óò fi sílẹ̀ fún mi?" Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi í sílẹ̀. Àpò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kò gbẹ.

Ó ti tún tìmùtìmù náà hun. Ìràwọ̀ rẹ̀ kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé òwú aró kò pọ̀ mọ́. Bí àlejò bá béèrè ibi tí ó ti rí àwọn àwọ̀ náà, ó ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ ẹni tó fún un.

Ẹ̀yin ará wa, kí ni ìyókù tó wà lọ́wọ́ tiyín? Ta ló ni ín? Ṣé ẹ ti béèrè?